Sáfà PostgreSQL tuntun: kí la kọ́kọ́ ń yí?

Ará Ìjàpọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Sáfà 8GB RAM, SSD, PostgreSQL, ètò dátábéèsì, nìkan ló wà lórí ẹ̀. Àkọsílẹ̀ kòkó tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ la fẹ́ kó sí i, èèyàn bí 40 ló máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nínú postgresql.conf, fáìlì tí ìṣètò rẹ̀ wà?

Alágbàká: shared_buffers, ìyẹn RAM tí Postgres yà sọ́tọ̀ fún dátà tó ń lò. 128MB tó máa ń bá a wá ti kéré jù, gbé e sí 2GB, ìdá kan nínú mẹ́rin RAM. effective_cache_size, 5GB. Ìyẹn ò gba RAM kankan, planner, apá tó ń yan ọ̀nà tí query (ìbéèrè) máa gbà, ló ń fi díwọ̀n iye dátà tó ṣeé ṣe kó ti wà nínú cache (RAM tó ń tọ́jú dátà tí a ti kà). Torí SSD, random_page_cost (iye tí planner fi ń díwọ̀n kíka dátà káàkiri dísìkì) = 1.1.

Òǹdó Ẹgin: Kí ló dé tí shared_buffers ò lè jẹ́ 6GB? RAM ṣáà wà.

Alágbàká: Rárá o. Cache Linux náà ni Postgres ń lò. Tó bá ti kọjá 40% RAM, kì í sábà wúlò mọ́.

Ọjà Ọba: work_mem, RAM tí sort (títo dátà) tàbí hash (tábìlì ìwákiri) kọ̀ọ̀kan lè lò, gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún! Àwọn kan máa ń ní kí ẹni tuntun fi 256MB sí i. Kì í ṣe iye kan tí gbogbo query jọ ń pín lò o. Query kan tó ní sort méjì àti hash kan lè gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí èèyàn 40 wá ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó tó 30GB. Linux á kàn pa Postgres ni. Bẹ̀rẹ̀ láti 8MB. Ríípọ́ọ̀tù ńlá tó bá nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú session (ìsopọ̀) tiẹ̀ ni kó ti ṣe SET work_mem = '128MB'.

Òǹdó Ẹgin: Mo gbà. Fsync, tó ń rí i dájú pé dátà dé orí dísìkì, ńkọ́? Tí a bá pa á, ṣé kò ní yára sí i?

Ọjà Ọba: Má dán an wò.

Òkè Àró: Níbi tí iná ti ń lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni! Tí fsync bá wà ní off tí iná lọ, fáìlì dátà lè bàjẹ́, backup nìkan ló kù. Ẹni tó bá ń wá kó yára, synchronous_commit = off ni kó lò: ohun tó wọlé kété kí iná tó lọ lè sọnù, àmọ́ dátábéèsì ò ní bàjẹ́. Owó àgbẹ̀ sì nìyí, mi ò ní fọwọ́ sí ìyẹn pàápàá.

Òǹdó Ẹgin: UPS wà kẹ̀.

Òkè Àró: Bátìrì UPS ń gbó. Kernel (ọkàn Linux) náà sì lè dákú tiná ò lọ rárá.

Ará Ìjàpọ̀: Ẹ ṣeun. Mo ti yí shared_buffers, mo ṣe reload (kó tún ìṣètò kà láì dúró), 128MB ló ṣì ń gbé jáde.

Alágbàká: Restart ni ìyẹn ń fẹ́: sudo systemctl restart postgresql. work_mem ni reload tó fún. Èyí tó bá ń dúró de restart, wàá rí i pẹ̀lú:

SELECT name FROM pg_settings WHERE pending_restart;

Tí 128MB ò bá kúrò lẹ́yìn restart, yẹ postgresql.auto.conf wò. Ohun tí ẹnì kan bá fi àṣẹ ALTER SYSTEM kọ síbẹ̀ ló ń borí tìẹ.