"Go round it": ṣé kí n yí i po ni, àbí kí n yà fún un?

Ọmọ Ìkìrun, Coventry: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ "round" àwọn òyìnbó yìí. Ọdún 11 ni mo fi wa mọ́tò láti Ìkìrun sí Òṣogbo kí n tó rìnrìn àjò, n kò pa adìyẹ lára rí. Lánàá, ọ̀gá tó ń kọ́ mi fún ìdánwò ìwakọ̀ rí mọ́tò akẹ́rù kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní "go round it." Mo yọ kọjá lára rẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè tí màá fi ṣẹ́rí padà kí n lè yí mọ́tò náà ká tán. Ló bá tẹ bíréèkì tirẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. A ò tíì bọ́ nínú ìyẹn tá a fi dé ráńdàbáòtù, ó tún ní "go right round." Mo gbọ́ "right", mo ya ọwọ́ ọ̀tún. Igbe tí ọkùnrin náà ké, ó ṣì wà létí mi.

Bọ̀dá Dagenham: Àbúrò, mo rẹ́rìn-ín, mo tún gbọ̀n. Ohun méjì ló ṣe ọ́. "Right round" kò ní ọ̀tún kankan nínú. "Right" tibẹ̀ yẹn dà bí ìgbà tá a bá ní "pátápátá": yí i po títí wàá fi kọjú síbi tó o ti ń bọ̀. Ohun kejì ni pé ọwọ́ rẹ ṣì wà nílé. Láti April 2, 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sápá ọ̀tún, ọ̀tún la ń yà wọ ráńdàbáòtù, òdì ọwọ́ aago la sì ń yí i. Níbí ní Ìlú Ọba, òsì lo máa yà wọ̀ ọ́, bí ọwọ́ aago ṣe ń rìn lo máa bá a yí, ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ ló sì lọ̀nà.

Bí wọ́n bá ní "right round", láti òkèèrè ni kó o ti bọ́ sápá ọ̀tún, tan tráfíkétọ̀ ọ̀tún, má pa á bó o ṣe ń yí. Tó o bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà tó ṣáájú èyí tó o fẹ́ gbà jáde, tan tòsì, wo dígí, yọ. "Exit" ni wọ́n ń pe àwọn ẹnu ọ̀nà yẹn. Èyí tó o bá kọ́kọ́ kàn lọ́wọ́ òsì ni "first". Má bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí ọ̀nà tó o bá wọlé. Bó o bá sì ṣì í, tún un yí, má já mọ́tò mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Olùdánwò kì í torí pé o ṣìnà ní o kò yege, bó o ṣe wakọ̀ ló ń wò. Èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀dà funfun kùn sílẹ̀, "mini-roundabout", yí òun náà bó ti wù kó kéré tó, má gorí rẹ̀ kọjá, má sì fi ṣe ibi ìṣẹ́rípadà.

Ọjọ́ tó o bá fẹ́ gbàgbé orúkọ ara rẹ, lọ sí Swindon. Ráńdàbáòtù kéékèèké 5 ló yí ọ̀kan ká níbẹ̀, 1972 kan náà ni wọ́n ṣe é. Ti àárín yẹn, òdì ọwọ́ aago ni wọ́n ń yí i, bíi tilé gẹ́lẹ́!

Ọmọ Ìkìrun, Coventry: Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Ti mọ́tò akẹ́rù yẹn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Yà fún un ni, ọmọ mi, kó o máa lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún méjèèjì. Wo ohun tó wà níwájú rẹ: bó bá dí ọ̀nà, yà fún un, bó bá jẹ́ àárín ibi tí gbogbo ayé ń yí ni, bá wọn yí i. "Ring road" tó wà ní Coventry yín yí àárín ìlú po. "Bypass" kì í yí ìlú po ní tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìlú ló ń gbà kọjá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní "bypass" ní wọ́ọ̀dù wa: wọ́n á yọ iṣan, nígbà míì láti ẹsẹ̀, wọ́n á so ó kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó dí. Ọmọ Èkìtì kan ti fẹ̀rù bi mí rí pé ṣé ẹ̀jẹ̀ kò ní gba inú ọkàn bàbá òun mọ́ ni!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú, ẹ gbọ́ tèmi. Oṣù kìíní tí mo dé, ọmọ aláìsàn kan pè lórí fóònù: "Has Mum come round?" Mo ní rárá o, kò wá síbi kankan, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Ọmọ bú sẹ́kún. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ìyá òun ti lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, màmá náà sì ti ń béèrè tíì! "Come round" ti ẹni tó dákú tàbí tí wọ́n fi oògùn kùn lóorun, ó ti jí. "I'll come round at six", mo máa yà sọ́dọ̀ yín ní aago mẹ́fà. "Ward round", dọ́kítà ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Kódà "rota" tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ọ̀rọ̀ Látìnì fún àgbá kẹ̀kẹ́ ni. Bí iṣẹ́ òru bá kàn ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, á tún yí kàn ọ́.

Àǹtí Maryland: Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba, tiyín ṣì dáa. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé Brooklyn, ẹ̀gbọ́n mi kò ríbi páàkì, ó ní kí n máa wà á, "just go round the block." Mo ń wá blọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì kiri títì! Àwọn ilé tí títì mẹ́rin yí ká ni "block": yà sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wàá bá ara rẹ níbi tó o ti gbéra. Ní Massachusetts, "rotary" ni ráńdàbáòtù. Ọ̀dọ̀ wa níbí, I-495 tó yí Washington ká ní "Inner Loop" àti "Outer Loop". Wọn kì í ṣe ọ̀nà méjì, apá méjì ọ̀nà kan ni: Inner ń bá ọwọ́ aago lọ, Outer ń lọ lódì.

Bọ̀dá Dagenham: Irú rẹ̀ ni M25 tó yí London ká, máìlì 117. Rédíò kì í sọ àríwá tàbí gúúsù, "clockwise" àti "anticlockwise" ni. Bó o bá ń lọ clockwise, London wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ. Ní Dartford, níbi tó ti sọdá odò Thames, clockwise á gbé ọ gorí afárá, anticlockwise á gbé ọ gba abẹ́ omi. Ẹ má gbàgbé owó ibẹ̀ o: kò sẹ́ni tó ń gbà á lójú ọ̀nà, ẹ lè san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó di aago méjìlá òru ọjọ́ kejì. Mo ti jẹ owó ìtanràn ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí wọ́n bá dí ọ̀nà lóru, ẹ wá pátákó aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n kọ "Diversion" sí. Àmì dúdú kan á wà lára rẹ̀: òbìrìkìtì, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin tàbí dáyámọ́ńdì. Èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé títí dópin, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ lágbedeméjì. Òbìrìkìtì ni mo bá bẹ̀rẹ̀, mo ya onígun mẹ́ta, aago méjì òru lù mí ní Romford.

Ìyá Luton: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ní Year 5 gbé iṣẹ́ ilé wá, "rotate" àti "revolve". Mo ní ọ̀kan náà ni, ó ní mo ṣì í.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Fi òkòtó kọ́ ọ. Ta á sílẹ̀: bó ṣe ń pòòyì lójú kan, "rotate" nìyẹn. Bó bá wá ń pòòyì, tó tún ń fi ara rẹ̀ yí ẹsẹ̀ tábìlì po, yíyí ẹsẹ̀ tábìlì yẹn ni "revolve". Ayé ń pòòyì ní wákàtí 24, ó sì ń yí oòrùn po ní bí ọjọ́ 365.

Ìyá Luton: N kò ní òkòtó, mo lo ìdérí ìgò. Ó yé e!

Ọmọ Ìkìrun, Coventry: Ìbéèrè tó kù rèé. Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ ní "see you around." Mo bi í pé ọjọ́ wo, ó kàn ń wò mí. Ṣé kí n máa retí rẹ̀?

Àǹtí Maryland: Má wulẹ̀ gbé ìrẹsì kaná o. Ó ní ó dàbọ̀ ni.