Nígbà tí àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀ bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù

Ọmọ Ìjùmú béèrè pé:

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo kí àgbà, mo kí ẹlẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ mọ́ kíkọ́ni tàbí sísọ̀rọ̀ níwájú èrò.

Iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn nípa oko ni mo ń ṣe. Wọ́n pè mí sí gbọ̀ngàn kan ní Kábà pé kí n wá bá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ nípa gbígbin ẹ̀gẹ́. Àwọn tó wá tó ogójì, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti Kábà àti Bùnú, àwọn díẹ̀ sì wá láti Ìyàrà. Mo ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, mo gbé àwòrán tí mo ti tò sílẹ̀ sí i, mo bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi rí i pé orí ti ń tẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àtàǹpàkò sì ń sáré lórí fóònù. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣeré. Ojúlé WhatsApp ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ mi sí, níbi tí àwọn ọmọ ilé tó wà ní Àbújá àti Èkó ti ń kà á, ṣùgbọ́n èmi kò sí níbẹ̀.

Mo ti ṣàlàyé pé bí a bá fi mítà kan sílẹ̀ láàárín poro kan sí èkejì, tí a sì tún fi mítà kan sílẹ̀ láàárín igi kan sí èkejì, igi ẹ̀gẹ́ 10,000 ni yóò wọ hẹ́kítà kan. Ẹnì kan kọ ọ́ sí ojúlé pé 10,000 ni yóò wọ éékà kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí éékà kan yóò gbà kò ju nǹkan bí 4,000 lọ. Láti Àbújá ni ọmọ kan ti béèrè iye tí wọ́n ń ta ìdì igi ẹ̀gẹ́ kan, nítorí éékà kan ni ìyá rẹ̀ ń dá, ó sì fẹ́ fi owó èyí tí yóò pé 10,000 ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé bàbá òun kò fún igi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, èmi ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ àlàfo, mo ti dé orí àrùn tó máa ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di aláwọ̀ ìyeyè tí yóò sì ká a kò, nígbà tí ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ mi dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú, tí kò ní fóònù lọ́wọ́, ló yí ojú padà tó ní, "Kí lẹ̀ ń bá ara yín sọ tí àwa ò gbọ́?" Ìgbà yẹn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tó kà á sókè fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé kí n máa ní kí àwọn ènìyàn pa fóònù kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ọ̀nà kan wà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè gbà bá irú ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ báyìí rìn tí kò fi ní ṣì í lọ́nà?

Olùkọ́ Àgbà dáhùn pé:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ sọ tèmi láì fi bò: jẹ́ kí wọ́n pa á. Ẹni tó ń kọ̀wé kò lè gbọ́ gbólóhùn tó ń bọ̀, nítorí èyí tó ti kọjá ló ṣì ń kọ. Éékà àti hẹ́kítà tí wọ́n gbé fún ara wọn yẹn, àpẹẹrẹ rẹ̀ gan-an ni.

Ìyà yìí kì í sì í ṣe ti ẹni tó di fóònù mú nìkan. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní Kánádà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí wọ́n jókòó sí ibi tí ojú wọn ti ń tó ojú kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ṣe nǹkan mìíràn, fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀yìn nínú ìdánwò sí àwọn tí ojú wọn kò tó o. Ronú wò, ẹni tó kó ara rẹ̀ wá láti Bùnú, tó fi oko sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí fóònù ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá gba ohun tó tìtorí rẹ̀ wá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìsí fóònù, lẹ́yìn náà mo máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá fẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ìsánlú, dáhùn pé:

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, n kò bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n mo ní èrò tó yàtọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ mẹ́nu bà yẹn, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ gan-an ni àwọn ará Kábà ń bá ara wọn sọ. Ẹ tún wò ó báyìí: ká ní kò sí fóònù, ṣé ẹni tó gbọ́ éékà dípò hẹ́kítà kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni? Yóò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, yóò dákẹ́, yóò gbé e lọ sílé, yóò sì gbìn ín bẹ́ẹ̀. Kíkọ tó kọ ọ́ síta ló jẹ́ kí àṣìṣe náà ní ojú tí a fi rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, oore ni wọ́n ṣe àbúrò wa yìí.

Dídásí ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró níwájú kò sì ṣàjèjì sí wa. Níbi tí àwọn ọlọ́dẹ bá ti ń sun ìjálá, oníjàálá mìíràn tó jókòó ń gbọ́ lè dá ẹni tó ń sun ún dúró pé kò rí bẹ́ẹ̀, yóò sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ láti tún un ṣe. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ojú oníjàálá ni wọ́n ti ń ṣe é. Ti ojúlé yìí, ẹ̀yìn olùbánisọ̀rọ̀ ni.

Nítorí náà, ohun tí à ń wá ni bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe dé etí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń ṣètò ìpàdé àwọn obìnrin ìlú wa, àwọn kan ń jókòó sí gbọ̀ngàn, àwọn mìíràn ń gbọ́ lókè òkun. A máa ń yan ẹnì kan ṣáájú pé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni kí ó máa ka ojúlé, kí ó sì gbé ọwọ́ sókè nígbà tí nǹkan bá rú àwọn ènìyàn lójú. Alágbàsọ ni a ń pè é. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọdé tí yóò máa bẹ̀rù láti dá àgbà dúró, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò ka gbogbo ohun tó bá rí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà á sì ti mọ ibi tí òun yóò ti dákẹ́ láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí nọ́ńbà bá ti jẹ yọ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ máa dúró. Nọ́ńbà ni wọ́n máa ń ṣì gbọ́ jù.

Ohun kan wà tí n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán wò, òun ni pé kí wọ́n gbé ojúlé náà sára ògiri lẹ́yìn yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, obìnrin onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ danah boyd ń sọ̀rọ̀ níbi àpérò ńlá kan ní New York. Wọ́n ń gbé ohun tí àwọn èrò ń kọ sórí Twitter sí ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ń kà á, òun nìkan ni kò rí i. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà bí ó ṣe dùn ún tó. Ẹ̀rín tí àbúrò wa gbọ́ ní Kábà yẹn, irú rẹ̀ ni, ó kàn jẹ́ pé ti ògiri le ju ti fóònù lọ.

Ọmọ Ìjùmú tún béèrè pé:

Bàbá, màmá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Màmá, ìbéèrè kan ló kù. Bí alágbàsọ bá wà nínú gbọ̀ngàn, àwọn tó wà ní Àbújá ńkọ́, tó jẹ́ pé ohun tí ẹlòmíràn bá kọ nìkan ni wọ́n mọ̀? Akọ̀wé wọn tilẹ̀ ní òun lè ti ojúlé náà pa títí ìpàdé yóò fi parí.

Ará Bùnú dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ó tì í. Lóòótọ́, WhatsApp fún àwọn alábòójútó ojúlé láyè láti ṣe é kí àwọn nìkan máa kọ̀wé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tì í, àwọn ènìyàn yóò bọ́ sí ìkọ̀kọ̀ ẹni méjì-méjì, kò sì sí alágbàsọ tí yóò tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí ẹ̀yin fúnra yín ṣáájú wọn. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, kí ẹ fún akọ̀wé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ó fi sí ojúlé ní kété tí ẹ bá dé orí rẹ̀. Ará Àbújá yóò ka tiyín, kò ní ka ti ẹni tó ṣì gbọ́.

Ohun kejì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí mo ti wà lára àwọn tó ń gbọ́ látòkèèrè. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ń fà, ìbéèrè mi lè dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje. Olùbánisọ̀rọ̀ á ti dé orí nǹkan mìíràn, wọn á wá ka "Ṣé èyí tọ̀nà?" fún un, kò ní mọ ohun tí "èyí" jẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà tó hàn gbangba sí igun àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ kọ nọ́ńbà àwòrán náà ṣáájú.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tó bá wà lẹ́nu wọn, Owé, Bùnú tàbí Ìjùmú. Mo ti rí i tí ẹnì kan ń fi ẹ̀ka èdè wa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ olùbánisọ̀rọ̀ lórí ojúlé, tí ó sì yé ìyá mi ju ti olùbánisọ̀rọ̀ lọ.

Olùkọ́ Àgbà fèsì pé:

Ìyá Ìbejì, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ àṣìṣe tó fara hàn, n kò ro ibẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n n kò tíì jọ̀wọ́ ogún ìṣẹ́jú mi. Kí alágbàsọ nìkan di fóònù mú ní ogún ìṣẹ́jú náà, kí àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn gbé tiwọn sílẹ̀. Àwọn tó wà lókèèrè lè máa kọ̀wé, nítorí òun nìkan ni ọ̀nà tí wọ́n ní.

Ọmọ Ìjùmú fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìpíndọ́gba tí ẹ ṣe yẹn ni mo máa lò, màá sì fi alágbàsọ màmá àti nọ́ńbà ará Bùnú kún un. Wọ́n tún ti pè mí sí Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ kan náà. Mo ti tún ojú ìwé àlàfo yẹn ṣe: hẹ́kítà kan, 10,000, éékà kan, nǹkan bí 4,000, mo sì kọ méjèèjì gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Akọ̀wé Kábà ti fi mí sí ojúlé wọn, mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní Àbújá, ó sì ní òun kò tíì rán owó náà.

Ìyá tó jókòó níwájú yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti sọ fún ẹni tí yóò ṣe alágbàsọ pé ẹ̀gbẹ́ àwọn tí kò ní fóònù ni kí ó jókòó sí, kí ó sì máa ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sókè kí n tó dá a lóhùn.