Ẹ gbà mí o, omi ló ń kún orí písà mi, irú ṣíìsì mozzarella wo ni kí n máa rà?

Ìyá Tòmíwá
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, inú ló ń bí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe písà nílé, ìyẹ̀fun mi máa ń wú dáadáa, ọbẹ̀ tòmátì rẹ̀ èmi fúnra mi ni mò ń sè é, mi ò kì í ra ti inú agolo. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti yọ ọ́ nínú ófùnù báyìí, omi funfun á ti dúró sí àárín rẹ̀, ṣíìsì ò ní fà rárá, ìyẹ̀fun abẹ́ rẹ̀ á wá rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Àbúrò ọkọ mi obìnrin wá kí wa lánàá, ẹni tó jẹ́ pé kò sóhun téèyàn gbé síwájú ẹ̀ tí kò ní wá àléébù sí, ó fi fọ́ọ̀kì tẹ àárín písà náà, omi sun jáde, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ká ní ó sọ̀rọ̀ ni, ì bá sàn fún mi. Ọkọ mi wá ń sọ pé "ó ṣáà dùn lẹ́nu", èyí gan-an ló dùn mí jù. Mo ti pààrọ̀ páànù, mo ti dín tòmátì kù, ibi tá a wà náà la ṣì wà. Ojúlówó mozzarella ni mò ń rà o, mi ò ra gbàrọgùdù. Ẹ jọ̀ọ́ èwo ni kí n rà? Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí n lọ máa ra písà níta.

Bọ̀dá Aláṣè
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ojúlówó wo? Ṣé èyí tó rí róbótó tó wà nínú omi ni, àbí èyí tó le díẹ̀ tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù dì pinpin láìsí omi kankan? Àti pé dígírì mélòó lẹ̀ ń gbé ófùnù sí?

Màmá Ìbejì
Hmm, tèmi yàtọ̀ sí tiyín o, èyí tí wọ́n ti rin sílẹ̀ nínú páàkì lèmi máa ń rà nítorí pé kò sáyè, mo wá fi ṣe písà nígbà ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ẹ ò ní gbà gbọ́, ṣíìsì yẹn kọ̀ kò yọ́, ńṣe ló kàn gbẹ lórí ẹ̀ tó ń pọ́n létí létí, àwọn ọmọ ń ṣa á dànù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹ ṣáà ní sùúrù.

Àǹtí Fọláké
@Màmá Ìbejì, wọ́n máa ń da ìyẹ̀fun ànàmọ́ òyìnbó tàbí cellulose (ìyẹ̀fun tí wọ́n ń yọ lára igi) sí èyí tí wọ́n ti rin sílẹ̀ kó má bàa lẹ̀ mọ́ra nínú páàkì, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yọ́ dáadáa. Ẹ ra odindi, kẹ́ ẹ rin ín fúnra yín, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ìyá Tòmíwá
Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n ní sùúrù, sùúrù wo ló tún kù? Àbúrò ọkọ mi ti sọ fún ìyá wọn. Tèmi kì í ṣe èyí tí wọ́n ti rin sílẹ̀ o.

Bọ̀dá Aláṣè
Ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè mi mà. Inú omi àbí inú náílọ́ọ̀nù?

Kọ́lá Onípísà
Ẹni tó bá fẹ́ jẹ mozzarella gidi, ti ẹfọ̀n ni kó rà, Mozzarella di Bufala Campana, láti 1996 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ń dáàbò bo orúkọ yẹn. Èyí tó kù, orúkọ lásán ni.

Àǹtí Fọláké
Kọ́lá, má ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ní Naples ní Ítálì gan-an wọ́n ń lo fior di latte tó jẹ́ wàrà màlúù, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ayédèrú ni. Ti ẹfọ̀n yẹn ló tún lómi jù. Ófùnù tiwọn ń lọ sí dígírì 430 sókè, ìṣẹ́jú kan tàbí kan ààbọ̀ písà ti jinná, omi ojú ẹ̀ ti fẹ́ lọ. Ófùnù ilé wa tó bá gbìyànjú, 250. Ibo lo fẹ́ kí omi yẹn gbà?

Kọ́lá Onípísà
Mò ń sọ̀rọ̀ adùn, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ófùnù. Téèyàn bá fa á ya, tó gbé e sínú asẹ́ nínú fíríìjì fún wákàtí díẹ̀, tó sì fi tíṣù tẹ̀ ẹ́, omi ẹ̀ á dín kù. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì ń dáa.

Àǹtí Fọláké
Ìyẹn la bá kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ.

Ìyá Tòmíwá
Inú omi ni. Ọkọ mi ló rí i nínú fídíò pé òun ni wọ́n ń lò ní Ítálì, ó ní òun ò fẹ́ òmíràn. Mo sì máa ń ro omi ẹ̀ dànù kí n tó lò ó, ẹ má rò pé mi ò mọ̀yẹn.

Bọ̀dá Aláṣè
Ó ti yé mi. Omi inú ṣíìsì fúnra ẹ̀ ló ń jáde, kì í ṣe èyí tó wà nínú ike. Òfin oúnjẹ Amẹ́ríkà pàápàá pín wọn sọ́tọ̀: mozzarella lásán, omi tó wà nínú ẹ̀ ju ìdá 52 nínú 100 lọ, ó lè tó 60, àmọ́ èyí tí wọ́n kọ "low moisture" sí lára, láti 45 sí 52 ni. Èyí tí ófùnù ilé fẹ́ nìyẹn. Ẹ rin ín, bíi 120 gíráàmù ti tó fún písà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, kẹ́ ẹ má kó o jọ sáàárín.

Màmá Ìbejì
Kẹ́ ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páàkì o. Tẹ́ ẹ bá rí òróró níbẹ̀, wọn ò fi wàrà nìkan ṣe é, ẹ gbé e sílẹ̀. Wọ́n ti fi irú ẹ̀ jẹ mí rí.

Ìyá Tòmíwá
Ṣùgbọ́n ó ṣì wà púpọ̀ nílé. Mo máa ń rà á jọ kí n tó kó o sí fírísà, tí mo bá fẹ́ lò ó màá gé e wẹ́wẹ́ bó ṣe dì yẹn sórí písà. Ṣé ìyẹn ní nǹkan kan ṣe?

Àǹtí Fọláké
Háà! Fírísà kẹ̀?

Ìyá Àgbà
Ọmọ mi, láti àná lo ti ń ròyìn àbúrò ọkọ, o ò sọ̀rọ̀ fírísà. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. Ṣíìsì inú omi kì í ṣe nǹkan fírísà. Tó bá dì, yìnyín inú ẹ̀ á fọ́ ara ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tó bá wá yọ́, kò lè di omi mú mọ́, gbogbo ẹ̀ á tú sórí ìyẹ̀fun. Èyí tó gbẹ yẹn lo lè rin, kó o kó sí fírísà.

Ìyá Tòmíwá
Ẹ ṣé mà, àmọ́ kì í ṣe pé mo fi pa mọ́, kò sẹ́ni tó bi mí. Bó bá bàjẹ́ sínú fíríìjì nkọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ra òmíràn? Kí n dà á nù?

Kọ́lá Onípísà
Ẹ má dà á nù o. Ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì mọ́jú, ẹ fún omi ẹ̀, kẹ́ ẹ fi sáàárín makaroní tẹ́ ẹ bá fẹ́ yan, makaroní á fa ìyókù omi mu.

Bọ̀dá Aláṣè
Ẹ ò tíì dáhùn ti dígírì mà.

Ìyá Tòmíwá
180. Mò ń bẹ̀rù kó má jóná.

Bọ̀dá Aláṣè
Ẹ gbé e dé ibi tó ga jù lọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí písà tó wọlé. Ní 180 yẹn, kí ìyẹ̀fun tó jinná, ṣíìsì á ti pẹ́ jù nínú iná, ọ̀rá ẹ̀ á yọ sójú, ara ẹ̀ á le.

Ìyá Tòmíwá
Mo rí ọ̀kan báyìí, wọ́n kọ "low moisture, part skim" sí i. Ṣé òun náà ni?

Àǹtí Fọláké
Ó ṣeé lò, àmọ́ wọ́n ti yọ díẹ̀ nínú ọ̀rá wàrà ẹ̀, ó máa ń tètè pọ́n, kì í sì í yọ́ tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí "whole milk", tí wọn ò yọ ọ̀rá ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ mú.

Ìyá Tòmíwá
Ó wà níbẹ̀. Mo ti mú méjì.