Ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré midget ní 1933, kí ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀?

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ àwọn mọ́tò midget, ìyẹn mọ́tò ìje kékeré tí wọ́n ń sá yípo pápá ìṣeré ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un ni mo bá wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì Offenhauser ló gba eré náà mọ́ àwọn ẹ́ńjìnnì yòókù lọ́wọ́ nígbà tó yá. Ohun tí kò yé mi ni ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí Offenhauser tó dé. Ẹ́ńjìnnì kí ni wọ́n ń lò? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń yọ ẹ́ńjìnnì lára ọkọ̀ ojú omi sínú mọ́tò? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, omi wo ló ń tù ú lórí ilẹ̀ gbígbẹ? Ẹ dákun, kì í ṣe orúkọ àwọn tó gba ife ni mò ń wá. Ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ sọ fún mi.

Bàbá Písítìnì

Òótọ́ ni ti ẹ́ńjìnnì ojú omi, ọmọ mi. Àmọ́ pápá ni ká kọ́kọ́ wò, torí pápá ló yan ẹ́ńjìnnì fún wọn. June 4, 1933 ni wọ́n sá eré midget àkọ́kọ́ tó létò, ní Hughes Stadium, Sacramento. Nígbà tó di August 10 ọdún kan náà, ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní pápá Loyola High School ní Los Angeles. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí wọ́n kọ́ fún mọ́tò. Ọ̀nà tí àwọn eléré ìdárayá ń gbà sáré yípo pápá bọ́ọ̀lù ni mọ́tò náà ń gbà, mọ́tò ìje ńlá kò sì lè ṣẹ́ kọ́nà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí midget fi kúrú: láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, íńṣì 66 sí 76 ni. Gilmore Stadium ní Los Angeles, tí wọ́n ṣí ní May 1934, ni pápá àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì kọ́ fún wọn.

Owó ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀. Ohun tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń lò: ẹ́ńjìnnì alùpùpù bíi Harley-Davidson, Indian àti Henderson onísìlíńdà mẹ́rin, àti Elto tí wọ́n ń kọ́ sí ìdí ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ jẹ́ ká fi Harley ṣe àpẹẹrẹ. Sìlíńdà méjì rẹ̀ la ẹsẹ̀ bíi V, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, atẹ́gùn ló sì ń tù wọ́n. Ti iwájú ló ń gba atẹ́gùn tútù. Èyí tó ti kọjá lára rẹ̀ tó sì ti gbóná ló ń dé ti ẹ̀yìn. Lórí títì, ìyẹn kò burú. Nínú pápá, mọ́tò mìíràn wà níwájú rẹ, ó ń da amọ̀ tútù sí ọ lára. Amọ̀ náà á wọ àárín àwọn ewé irin tó yí sìlíńdà ká, iná ẹ́ńjìnnì á sun ún, á le gan-an bí ilé agbọ́n. Ooru ò ríbi gbà jáde mọ́. Písítìnì á wú, á há sínú sìlíńdà, ti ẹ̀yìn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ há. Ohun tí Dale Drake, oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kan, fi yanjú ẹ̀ ni pé ó ṣe sìlíńdà olómi tó bá ìdí Harley mu.

Elto ńkọ́? Sìlíńdà mẹ́rin, two-stroke, íńṣì onígun 60, ìyẹn bíi sísì 983. Ó fúyẹ́, kò ní fáàfù kankan tó lè tẹ̀. Lójú omi, pọ́m̀pù rẹ̀ ń fa omi tútù láti inú adágún, ó sì ń tú u dànù. Lórí ilẹ̀, wọ́n ní láti so rédíétọ̀ mọ́ ọn, omi kan náà á sì máa yí po, bó ṣe ń yí ló ń gbóná sí i. Tí eré bá gùn, agbára á máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Wàhálà kejì ni pọ́lọ́ọ̀gì. Inú epo ni ọ́ìlì rẹ̀ wà, torí náà nígbà tí wọ́n bá ń rìn jẹ́jẹ́ ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ eré, ọ́ìlì á rin pọ́lọ́ọ̀gì gbindin, sìlíńdà kan á kú, mẹ́ta ló máa sáré.

Táyà Ọ̀tún

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Offy (bí wọ́n ṣe ń gé Offenhauser kúrú) kún un, torí inú ohun tí ẹ sọ yìí gan-an ló ti jáde. Fred Offenhauser ni olórí àwọn oníṣẹ́ Harry Miller, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ìje. Nígbà tí Miller wọ gbèsè ní 1933, Offenhauser ra àwọn irinṣẹ́ àti àwòrán ibẹ̀. Leo Goossen ló ya ẹ́ńjìnnì kékeré náà, ó sì dé pápá ní 1934: sìlíńdà mẹ́rin, íńṣì onígun 97, bíi sísì 1,590, káàmù méjì lórí, fáàfù méjì fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà rèé: orí àti bulọ́ọ̀kù jẹ́ irin kan ṣoṣo tí wọ́n dà pọ̀. Kò ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí àti bulọ́ọ̀kù. Bó ti wù kí wọ́n fún epo àti atẹ́gùn pọ̀ tó nínú sìlíńdà, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tó máa jó. Ìyà rẹ̀ sì wà níbẹ̀: tí o bá fẹ́ lọ fáàfù, o ò lè ṣí orí. Ìsàlẹ̀ lo máa gbà wọ inú rẹ̀, wákàtí gígùn ni.

Ó wọ́n. Ẹni tí kò lágbára rẹ̀ lọ gba Ford V8-60, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ tó jáde ní 1937, íńṣì onígun 136, torí ó wà nílé àwọn tó ń ta mọ́tò àlòkù. Àìsàn tirẹ̀ ni pé àárín bulọ́ọ̀kù ni èéfín gbígbóná ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, nítorí náà omi máa ń hó. Orí alumíníọ̀mù, rédíétọ̀ ńlá àti methanol (oríṣi ọtí líle tí wọ́n ń lò dípò pẹtiróòlù) ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀. Ní 1950, awakọ̀ ìje Rodger Ward fi V8-60 ti Vic Edelbrock lu àwọn Offy ní Gilmore. Nitromethane, kẹ́míkà tó ń fún epo lágbára sí i, wà nínú epo rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ kò sì mọ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ

Ẹ kú làákàyè o! Ọ̀kan ṣì kù. Wọ́n ní Offy wọ̀nyí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, kò ní sítátà. Báwo ni wọ́n ṣe ń jí i?

Bàbá Písítìnì

Títì ni. Ọkọ̀ mìíràn ló ń fi bọ́ńpà tì í lẹ́yìn. Jíà kan ṣoṣo ló ní, pẹ̀lú ọ̀pá kékeré tó ń mú un wọlé tàbí yọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: fi ọ̀pá sínú jíà nígbà tí mọ́tò dúró. Súìṣì magneto, ohun tó ń fi iná ránṣẹ́ sí pọ́lọ́ọ̀gì, wà ní pípa. Kí wọ́n máa tì ọ́ lọ. Ojú rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lára géèjì ọ́ìlì. Nígbà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá gbéra, ìgbà yẹn lo máa tan súìṣì. Ẹni tó bá kánjú tan án, bẹ́rìnì ìdí kíráńkì á yí ní gbígbẹ, á jẹ. Ẹni tó bá sì pẹ́ jù, methanol á ti kún inú sìlíńdà, á rin pọ́lọ́ọ̀gì, wọ́n á tì í títí kò ní jí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní oríṣi pọ́lọ́ọ̀gì méjì: èyí tó ń tètè gbóná fún jíjí àti fífún ẹ́ńjìnnì lóoru, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tó tutù sí i fún eré. Tí o bá gbàgbé èyí tó gbóná síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ lè yọ́, kí ó sì dá ihò sórí písítìnì.

Tí mọ́tò bá pòyì lójú eré tí ẹ́ńjìnnì kú, ó parí fún un àyàfi kí ọkọ̀ atini tún dé.

Ìyàwó Speedway

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ní Australia, Olympic Park ní Melbourne ni wọ́n ti sá tiwọn àkọ́kọ́, December 15, 1934. Speedcar ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nítorí pé alùpùpù speedway, ìyẹn alùpùpù ìje yípo pápá, ti wà káàkiri níbẹ̀ ṣáájú, JAP, ẹ́ńjìnnì alùpùpù láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ọmọ Àgbẹ̀dẹ ní òun kò fẹ́ orúkọ, ṣùgbọ́n ti Jack Brabham kan ẹ́ńjìnnì gan-an: JAP tó tún ṣe fúnra rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ ìje ní 1948. Ọkùnrin yìí ló wá gba ife àgbáyé Formula One ní 1959, 1960 àti 1966.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Skirrow gbé ọ̀nà mìíràn yọ: JAP oní-V níwájú, ṣéènì kan sí táyà iwájú, òmíràn sí ti ẹ̀yìn, gbogbo táyà mẹ́rin ń fà. Lórí eérú èédú tí wọ́n fi tẹ́ pápá níbẹ̀, ó ń di ilẹ̀ mú dáadáa. Eérú yẹn náà ni ọ̀tá ṣéènì. Ó ń lọ̀ ọ́ bíi pépà oníyanrìn, ṣéènì á gùn, á fò lórí eyín rẹ̀, á já.

Epo lárà ni ọ́ìlì tí JAP ń lò, kì í ṣe ọ́ìlì ọjà. Ẹ má da méjèèjì pọ̀, wọ́n á dì bí ọ̀dà.

Táyà Ọ̀tún

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ni orúkọ tí mò ń jẹ́. Kò sí dífà (jíà tó ń jẹ́ kí táyà kan yí ju ìkejì lọ ní kọ́nà) lẹ́yìn midget, táyà ẹ̀yìn méjèèjì jọ ń yí ni. Apá òsì ni wọ́n ń ṣẹ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí náà táyà ọ̀tún ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti òsì lọ. Ẹ ṣírò ó: tí kọ́nà bá jẹ́ mítà 30 láti àárín rẹ̀, tí táyà méjèèjì sì jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 110, ọ̀nà ti ọ̀tún fi bíi 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún gùn ju ti òsì. Tí okùn tí ẹ fi yí táyà òsì ká bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 175, ti ọ̀tún yẹ kó tó 181.5. Tí ìyàtọ̀ náà bá kéré, imú mọ́tò á máa lọ sí ara ògiri nígbà tí ẹ bá yíwọ́. Tó bá pọ̀ jù, á máa fà sósì níbi tó gún, á sì máa jẹ táyà. Kí ẹ wọn táyà nígbà tó gbóná, torí atẹ́gùn inú rẹ̀ ń fẹ̀.

Tí eré bá parí, ẹ fa methanol kúrò nínú táǹkì àti kàbúrétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sì fi pẹtiróòlù díẹ̀ ṣan inú kàbúrétọ̀. Methanol ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Tó bá sùn mọ́jú lára alumíníọ̀mù, ìyẹ̀fun funfun lẹ máa bá nínú jẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú iná rẹ̀: lọ́sàn-án gangan, ojú kò rí i. Omi ni wọ́n máa ń gbé sítòsí láti pa á.