Egbò tí kò dunni lójú abẹ́ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin onímọ̀ ìṣègùn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ẹnì kan lò pọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù ni mo rí egbò kékeré kan lójú abẹ́ mi, tí etí rẹ̀ le, tí kò sì dùn mí rárá. Ó ti ń jiná fúnra rẹ̀. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ má tíì fọkàn balẹ̀ o. Irú egbò bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ àrùn syphilis, tó máa ń yọ láàárín ọjọ́ 10 sí 90 lẹ́yìn tí kòkòrò rẹ̀ bá wọ ara; bí egbò náà tilẹ̀ jiná, àrùn ọ̀hún ṣì wà lára. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, abẹ́rẹ́ pẹnisílìn sì ń wò ó sàn.

Ìdáhùn kejì: Ká ní ìléròrò tó kóra jọ, tó ń ta yín, ni, àrùn herpes, tí òun náà ń ràn nípa ìbálòpọ̀, ni ǹ bá fura sí. Ẹ má fi ìpara kankan pa á kí dókítà tó rí i. Ẹ yẹ HIV wò pẹ̀lú.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Ojú ń tì mí láti sọ fún ẹni náà.

Ìdáhùn kìíní: Ẹ sọ fún un, ẹ jọ̀ọ́, kí òun náà lè tètè gba ìtọ́jú.