Sáfà tòkúnbọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde: ṣé owó wà nínú títa VPS?

Ọmọ_Mòlípa: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ ra sáfà tòkúnbọ̀ (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dá àwọn ẹ̀rọ mìíràn lóhùn), Dell R730, RAM 128 GB, SSD mẹ́rin, 1 TB ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màá gbé Proxmox (ètò tó ń pín ẹ̀rọ kan sí ọ̀pọ̀) lé e, màá wá gé e ní VPS, ìyẹn sáfà kéékèèké tí èèyàn ń yá, fún àwọn iléèwé àti oníṣòwò láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù. Mélòó ló lè gbé? Èló ni kí n máa gbà?

Ará_Ìkẹ́nnẹ́: Àbúrò, RAM ló máa ń kọ́kọ́ tán. Yọ 16 GB sọ́tọ̀ fún Proxmox àti ZFS (ètò tó ń tọ́jú dísìkì), ó ku 112. Ní 4 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan, VPS 28 nìyẹn, ṣùgbọ́n má tà ju 24 lọ. CPU ṣeé tà lé ara wọn lórí, core kan (ọpọlọ kan nínú CPU) sí vCPU (core tí VPS ń rí) mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí gbogbo oníbàárà kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. RAM ò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá tán, kernel (ọkàn ètò ẹ̀rọ náà) á pa VM kan (ìyẹn VPS kan) lójijì, èyí tó tóbi jù ló sì sábà máa ń bá a lọ. Tẹ `top` nínú VM, wo `st`, ìdá àkókò nínú ọgọ́rùn-ún tí VM fi ń dúró de CPU: bó bá ń kọjá 10 ṣáá, o ti ta CPU jù.

Dísìkì mẹ́rin yẹn, tò wọ́n ní méjì-méjì kí ìkíní jẹ́ ẹ̀dà ìkejì. 2 TB ni wàá rí lò. VPS 24 ní 64 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba bíi 1.5 TB. Má jẹ́ kó kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Yí káàdì RAID rẹ̀ (èyí tó ń kó dísìkì pọ̀) sí HBA (ipò tó kàn ń fi wọ́n hàn bí wọ́n ṣe wà) kí ZFS lè rí dísìkì gan-an. SSD láptọ́ọ̀pù kò gba iṣẹ́ yìí, kíá ló máa gbó.

Wáyà_Ṣàgámù: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti inú ẹ̀rọ. Ibi tí wàá gbé e sí ńkọ́? Bó bá ń jẹ 200 W, 4.8 kWh nìyẹn lójúmọ́, a ò tíì ka AC. Starlink tàbí ráútà SIM lásán ò sì fún ọ ní àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì (IP) tìrẹ, nítorí náà oníbàárà ò ní lè wọlé láti ìta. Gbé e lọ sí data centre (ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú sáfà) l'Ékòó, kí o yá IP lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ́ wẹ́ẹ̀bù nìkan ni wọ́n fẹ́, nginx (ètò tó ń gba àlejò wẹ́ẹ̀bù wọlé) lórí IP kan ṣoṣo tó gbogbo wọn, orúkọ ìkànnì ló máa fi pín wọn.

Ní ti owó, gààrí Ìjẹ̀bú ní orúkọ lọ́jà, VPS 4 GB ò ní. Láti 2006 tí AWS (ẹ̀ka Amazon tó ń yáni ní sáfà) ti gbé EC2 (irú VPS tiwọn) jáde, ibi tó bá pọ́ọ́kú lèèyàn ń lọ. Má bá AWS àti irú wọn du iye. Náírà ni kí o fi gbowó: IPv4 (irú IP tó wọ́pọ̀) nìkan, láti February 2024, $0.005 ni AWS ń gbà ní wákàtí, ó ń lọ sí $3.65 lóṣù, gbogbo ìgbà tí dọ́là bá sì gbéra ni oníbàárà ń kérora. Kí o sì máa gbé fóònù tí wọ́n bá pè.

Ọmọ_Mòlípa: Ẹ ṣé gan-an. Iléèwé tó fẹ́ ṣe CBT ńkọ́?

Ará_Ìkẹ́nnẹ́: Wọn ò nílò VPS. Ẹ̀rọ kékeré nínú ọgbà iléèwé, switch àti wáyà, ínfátà tó lè gbé e fún wákàtí mẹ́ta. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ti VPS rẹ, snapshot (ẹ̀dà bí VM ṣe wà ní àkókò kan) tó wà lórí dísìkì kan náà kì í ṣe bákọ́ọ̀pù o. Gbé Proxmox Backup Server sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí o sì máa dá VM kan padà láti ibẹ̀ lóṣooṣù, kí o rí i pé ó tàn.