Ta ló mọ bí inú ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́ ṣe rí láyé ìgbà yẹn?

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Mò ń ya àwòrán ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ní Ọ̀jọ́, lójú títì Èkó sí Àgbádárìgì, bó ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́dún 1975. Mo mọ̀ pé láti Bùràsíìlì ni ẹ̀yà ara ọkọ̀ ìjàpá ti ń wá nínú àpótí, tí wọ́n á wá tò ó pọ̀ níbí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ọ̀nà tí ẹrù yẹn ń gbà nínú ọgbà títí tó fi ń di ọkọ̀.

Mo ti tú ìwé ìròyìn àtijọ́. Àwọn ọ̀gá tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́ ló kún inú fọ́tò wọn. Mo wo ibẹ̀ láti òkè lórí Google, òrùlé nìkan ni mo rí. Bàbá kan tó máa ń de ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀ níbẹ̀ nígbà náà fi ọwọ́ hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi òòlù onírọ́bà gbá a díẹ̀díẹ̀ kó tó jókòó. Inú mi dùn gan-an! Àmọ́ bàbá ò dé ẹ̀ka ọ̀dà rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí tí òbí yín ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́: ṣé abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń jó bọ́dì pọ̀ tí wọ́n sì ń kùn ún, àbí ilé ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀dà? Tó bá sì kúrò níbi ọ̀dà, ṣé ṣéènì òkè ló ń gbé e lọ síbi ẹ́ńjìnì, àbí wọ́n ń fọwọ́ tì í lórí kẹ̀kẹ́?